Òkúta Tí Mo Gbé Ru Àjàó

Ẹ̀yin ọmọ mi, àti ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọmọ mi tí ẹ bá wọn jókòó, ẹ wá ibi fẹ̀yìn tì, nítorí ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń gbọ́ lórí ìdúró. Èmi Ọdẹ́bùnmi, ọmọ Ọdẹ́lékè, ọdẹ tí ìgalà ń gbọ́ òórùn rẹ̀ tí ó ń gbàgbé koríko sẹ́nu, èmi ni mo fẹ́ sọ ìrìn kan ṣoṣo tí mo rìn nínú Igbó Ọ̀gbun fún yín. Mo ti pa ẹfọ̀n mẹ́ta láyé mi. Èkejì nínú wọn gbé mi kọ́ sórí ìwo, orí ìwo náà ni mo ti rọ ẹ̀tù sínú ìbọn, tí mo sì yìn ín sí i létí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni, kí ó lọ bi ẹfọ̀n. Àwọn ọkùnrin Ìdì-Akókò, ìlú wa, a máa sọ pé obìnrin kì í gbé ṣakabùlà, èmi náà a sì máa sọ fún wọn pé kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹran mi mì kí wọ́n tó tún un sọ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ọ̀rọ̀ òní. Nínú ti òní, kò sí ibi tí ẹ ó ti pàtẹ́wọ́ fún mi.

Mo ní àbúrò kan. Ọdẹ́níran ni wọ́n sọ ọ́, Àjàó ni mo ń fi oríkì pè é. Ọjọ́ tí ìyá wa bí i ni ìyá wa lọ. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni mí nígbà náà. Èmi ni mo fi àtẹ́lẹwọ́ rọ ọ́ lẹ́kọ, èmi ni mo pọ̀n ọ́n, nígbà tí bàbá wa sì ń kọ́ mi ní ìbọn yíyìn nítorí pé kò ní ọkùnrin tí ó dàgbà, ẹ̀yìn mi ni Àjàó wà. Ìró ìbọn kì í jí i. Nígbà tí ó di géńdé, bàbá wa ti kú, ìjàkadì ni ọkàn ọmọ náà sì lọ sí. Ní ìlú wa, bí iṣu tuntun bá ti jáde, àwa ará Ìsàlẹ̀ àti àwọn ará Òkè a máa jà á lójú gbogbo ènìyàn. Ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá kan ilẹ̀ ti ṣubú, kò sí àríyànjiyàn. Ará Òkè kan wà tí ń jẹ́ Láoyè, ọmọ alágbẹ̀dẹ, tí ó ti ń fi ọmọ owú lu irin láti kékeré títí apá rẹ̀ fi tó itan ẹlòmíràn. Láoyè dá Àjàó lọ́dún kìíní. Lọ́dún kejì ó tún dá a, ọwọ́ kan ni ó sì fi dá a, ó ń fi ọwọ́ kejì nu imú. Imú tí ó nù yẹn ni ó dùn wá jù. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ sọ ọ́ di eré: ọ̀kan á ṣubú, èkejì á nu imú. Àjàó kò jẹun fún ọjọ́ mẹ́ta. Lọ́jọ́ kẹrin ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú mi, ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n wá ṣe agbéruni òun.

Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí tí ẹ ń gbé irin olórí méjì nínú ilé, tí ẹ ń wo ara yín nínú dígí, ẹ kò lè mọ agbéruni. Òun ni ẹni tí ń gbé ẹrù ru oníjàkadì nígbà tí ó bá ń wá agbára. Ẹrù ni a fi ń wá a. Oṣù kìíní, apẹ̀rẹ̀ iyanrìn gbígbẹ ni, láti etí odò dé orí òkè, kí oòrùn tó mú. Oṣù kejì, a ó bu omi sí iyanrìn náà. Bí ó bá ti sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè, ìkòkò méjì ń dúró dè é tí a rọ òkúta wẹ́wẹ́ kún, ìka ni yóò fi há wọn lọ́rùn tí yóò máa gbé wọn kiri àgbàlá, kí ìka lè mọ bí a ti ń di ènìyàn mú. Yóò gbé odó pọ̀n bí ìkókó, yóò máa jókòó, yóò máa dìde, kí itan lè le. Ọjọ́ karùn-ún karùn-ún ni ọjọ́ oorun, kò gbọ́dọ̀ gbé abẹ́rẹ́ lọ́jọ́ náà, nítorí àwọn àgbà wa ní ẹran ara kì í hù lábẹ́ ẹrù, ẹ̀yìn ẹrù ni í hù. Oṣù kẹta ni òkúta. Gbogbo rẹ̀ ló sì ní òfin kan. Ẹni tí ń wá agbára kì í dá ẹrù gbé, kì í sì í dá a sọ̀. Ẹni tí ó gbé e rù ú ni ó gbọ́dọ̀ bá a sọ̀ ọ́. Bí ó bá dà á nù fúnra rẹ̀, a gbà pé gbogbo agbára tí ó ti kó jọ ti bá ẹrù wọlẹ̀ lọ, kò ní wọ agbo ìjà mọ́ láé. Ẹlòmíràn tí ó bá sì fi ọwọ́ kan ẹrù tí kì í ṣe òun ni ó gbé e rù, òun náà kò ní wọ̀ ọ́ mọ́. Nítorí náà agbéruni kì í lọ ibì kankan. Bí ilé rẹ̀ bá ń jó, ẹlòmíràn ni yóò lọ pa á.

Mo ṣe é fún oṣù mẹ́ta, n kò yẹ̀. Ọrùn Àjàó nípọn, ẹ̀yìn rẹ̀ là sí méjì bí ẹ̀wà tí a bó. Ó ku ọjọ́ mẹ́sàn-án kí ìjà bẹ̀rẹ̀, a wá kan òkúta tí ó kẹ́yìn, èyí tí gbogbo ìlú ń pè ní Àgbà. Ẹni tí ó bá ru Àgbà láti odò dé orí òkè, kò sẹ́ni tí í dá a mọ́. Mo ká ìborùn mi ṣe òṣùká fún un, mo gbé Àgbà lé e, ọrùn rẹ̀ dún kẹ́rẹ́, lẹ́yìn náà ó dúró gírí, ó bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Èmi ń tẹ̀ lé e lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìbọn mi wà léjìká, nítorí ọdẹ kì í fi ìbọn sílé kó lọ sí ẹ̀bá igbó. A ti dé ìdajì òkè nígbà tí ìgalà kan yọ láti inú Igbó Ọ̀gbun. Ẹ̀yin ọmọ mi, n kò tí ì rí irú rẹ̀ rí. Ó tó màlúù kékeré. Ó fi ẹ̀gbẹ́ dúró fún mi, ó ń jẹ ewé, bí ẹni pé ìyá rẹ̀ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan. Mo ní, “Àjàó, dúró dè mí níbí. Má sọ̀ ọ́ o. Mo ń bọ̀ báyìí.” Ojú ni ó fi dá mi lóhùn, nítorí ẹni tí ó ru Àgbà kì í mi orí. Mo yìnbọn. Ọta bà á ní itan, ó sá wọgbó, òfin ọdẹ sì ni pé ẹran tí a bá ti ṣe léṣe, a kì í fi sílẹ̀ kí ó lọ jẹ̀rora kú. Ẹ rí i pé òfin méjì ni mo ní lọ́jọ́ náà, èyí tí ó dùn mọ́ mi ni mo sì pa mọ́. Mo tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀. Mo pa á. Nígbà tí mo gbé e lé èjìká tí mo ń kọrin bọ̀, oòrùn ti yẹ̀ kúrò lórí.

Àjàó kò sí níbi tí mo fi í sí. Mo kọ́kọ́ rò pé ó ti gun òkè lọ. Lẹ́yìn náà ni mo wo ilẹ̀. Ẹ gbọ́ ohun tí mo gbàgbé, èmi tí mo jẹ́ obìnrin, tí mo ti pọn omi láti kékeré: ẹrù tí a rù tí a dúró wúwo ju ẹrù tí a rù tí à ń rìn. Ẹni tí ó dúró lábẹ́ Àgbà, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń fà á mì ni. Àfi kí ó rìn. Kò sì lè gun òkè láìsí mi, nítorí ta ni yóò bá a sọ̀ ọ́ lókè? Apá ibi tí ó ti gbọ́ ìró ìbọn mi ni ó kọrí sí. Ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ wọlẹ̀ dé kókósẹ̀, ìkọ̀ọ̀kan dá dúró lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ihò iṣu, wọ́n sì wọ Igbó Ọ̀gbun lọ. Mo ju ìgalà sílẹ̀ níbẹ̀. Ohun tí ó jẹ ẹ́ ni n kò mọ̀.

Mo tọ ẹsẹ̀ náà lọ. N kò ní fi bí mo ti rìn dá yín dúró. Nígbà tí ó yá, mo dé ọ̀gbun tí igbó náà fi ń jẹ́ orúkọ, ìtì igi kan ni a fi ṣe afárá lórí rẹ̀, ẹ̀dá kan sì jókòó sí orí ìtì náà. Apá ọ̀tún rẹ̀ gùn ju ti òsì lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Dípò irun, olú ni ó hù ní orí rẹ̀, ó ń já wọn jẹ lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò kí mi. Ó na apá gígùn náà, ó gbá mi mú lẹ́yìn ọrùn bí ológbò ti í mú ọmọ rẹ̀, ó gbé mi sókè, ó mì mí wò, ó sì sọ pé ìbọn mi wúwo ju ọgbọ́n mi lọ. Ó ní Awọnniwò ni orúkọ òun, pé kò sí ohun tí ń kọjá lórí ìtì yìí tí òun kì í wọ̀n, nítorí ìtì ti gbó. Mo ní kí ó sọ mí sílẹ̀, pé ọmọ Ọdẹ́lékè ni mí. Ó ní Ọdẹ́lékè náà kò wúwo. Mo wá fi ohùn jẹ́jẹ́ bẹ̀ ẹ́, mo bi í bóyá ẹnì kan ru òkúta kọjá ní òwúrọ̀ yìí.

Ó ní, “Òwúrọ̀ ta?”

Mo ní òwúrọ̀ òní ni, èmi ni mo gbé e rù ú. Awọnniwò gbàgbé olú tí ó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ fún mi pé nínú igbó yìí, ẹni tí ó ru ẹrù nìkan ni ó mọ bí ọjọ́ ti gùn tó. Pé ọjọ́ tí mo pè ní òwúrọ̀ òní, irun olú ti hù ní orí òun ní ìgbà ogún láti ìgbà náà. Mo fẹ́ sáré kọjá, ó fi apá dí ọ̀nà, ó ní òun yóò pa àlọ́ kan, pé ọdẹ mọ́kànlá ni kò mọ̀ ọ́n, eyín wọn ni mo ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Mo wolẹ̀, eyín ni lóòótọ́.

Ó ní, “Ẹrù wo ni ọkùnrin kò rù rí, tí obìnrin kò sì lè dá sọ̀?”

Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín pa mí. Ọdẹ mọ́kànlá, gbogbo wọn ní irùngbọ̀n, wọ́n jókòó síbẹ̀ wọ́n ń dárúkọ igi àti irin. Ọ̀kan ní ìyà ni. Ọ̀kan ní òkú ẹfọ̀n ni. Mo ní, “Oyún ni. Agbẹ̀bí ni í bá a sọ̀ ọ́.” Ó sọ apá rẹ̀ kalẹ̀. Ó bi mí bóyá mo ti rù ú rí, mo ní n kò tí ì rù ú nígbà náà, pé àbúrò mi nìkan ni mo ti pọ̀n. Nígbà tí mo gbé ẹsẹ̀ lé ìtì, ó pè mí padà, ohùn rẹ̀ kò le bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó ní àbúrò mi jẹ́ iṣẹ́ kan sílẹ̀.

Ó ní, “Ó ní bí ẹ̀gbọ́n òun bá dé, kí n sọ fún un pé òun kò tí ì sọ̀ ọ́.”

Mo kọjá. N kò mọ bí mo ti kọjá.

Ní òdìkejì, ẹsẹ̀ Àjàó bọ́ sórí ilẹ̀ líle, mo pàdánù rẹ̀. Mo ń yí kiri títí mo fi gbọ́ ariwo, mo sì já sí pápá kan tí kò ní igi, àwọn iwin ni ó kún ibẹ̀, àwọn náà ń wá agbára. Ẹ wo nǹkan. Ọ̀kan fi ọrùn gbé ìtì ọ̀pẹ. Ọ̀kan dùbúlẹ̀, ó fi àtẹ́lẹsẹ̀ gbé òkìtì ọ̀gán sókè sódò, ikán ń sá jáde, wọ́n ń ṣépè fún un. Obìnrin iwin kan fi irun gbé ọlọ méjì. Bí wọ́n ti ń gbé e ni wọ́n ń kà á, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ju eéjì lọ, “Oókan, eéjì, oókan, eéjì,” nítorí náà kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí yóò dúró. Olórí wọn tí ń jẹ́ Gìrìpá kò gbé igi, kò gbé òkúta. Ọdẹ kan ni ó ń gbé, ọkùnrin tí ó ru àpò ẹ̀tù, tí ayé ti sú. Ọdẹ náà rí mi, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ nígbàkígbà tí ó bá dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí n má jẹ́ kí wọ́n gbé mi wò o. Wọ́n gbé e lọ sókè. Ó padà dé, ó ní ìwúwo òun ni ó bá ọwọ́ olórí wọn mu, láti ìgbà náà òun kò tí ì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Wọ́n tún gbé e lọ. Ó padà, ó ní oúnjẹ wọn kò burú ṣá.

Mo kí Gìrìpá bí a ti ń kí àgbà, mo bi í nípa Àjàó. Ó mọ̀ ọ́n. Gbogbo wọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n. Ó ní ọjọ́ tí ó gba ibẹ̀ kọjá, òun àti àwọn ènìyàn òun dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti wò ó, nítorí wọn kò tí ì rí ẹni tí ó ru irú òkúta bẹ́ẹ̀ tí kò ké. Àánú rẹ̀ ṣe wọ́n, wọ́n na ọwọ́ sí i pé kí àwọn bá a sọ̀ ọ́. Ó ní kí wọ́n yàgò, ẹ̀gbọ́n òun ni ó gbé e ru òun. Wọ́n wá fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti jẹ ìgalà yó, ó ti sùn. Àjàó ní wọn kò mọ ẹ̀gbọ́n òun.

Ẹ jẹ́ kí n mu omi díẹ̀.

Gìrìpá ní òun mọ ibi tí ó wà, ṣùgbọ́n òun kì í fi ọ̀nà hanni lásán. Ó yẹ̀ mí wò láti òkè dé ilẹ̀, ó ní ohun tí ó wu òun lára mi kò ju agbára ìka tí mo fi ń fa ìbọn lọ. Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe ọdẹ lè rò pé ìka kan ni. Ṣùgbọ́n bàbá mi ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká ìka yẹn mọ́ ìbọn, ìka yẹn ni ó bọ́ ilé wa lẹ́yìn tí bàbá mi kú. Mo nà án sí i. Ó fi ahọ́n lá a lẹ́ẹ̀kan, ó tutù bí omi inú ìkòkò, ìka náà sì nà gbọọrọ. Òun nìyí. Ẹ fọwọ́ kàn án, kò ká mọ́. Nígbà tí ó gbà á tán, ó tọ́ka sí òkè olókùúta kan lẹ́yìn pápá, ó ní orí rẹ̀ ni àbúrò mi wà. Mo dúpẹ́, mo yí padà, ni ó bá rọra fi ọwọ́ gbá mi nídìí, ó ní kí n dúró kí òun gbé mi wò. Ọdẹ ọ̀hún mi orí sí mi láti òkè. Mo mọ̀ pé bí ìwúwo mi bá lọ bá ọwọ́ ẹnikẹ́ni mu níbẹ̀, ó tán. Mo ní kò burú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá lè gbé ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sókè pẹ́ jù ni yóò gbé mi, n kò ní gbà kí ọ̀lẹ gbé mi. Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ wọn. Gìrìpá ju ọdẹ sílẹ̀, ó gbé obìnrin ọlọ́lọ, ẹlòmíràn gbé Gìrìpá, wọ́n ń gbéra wọn títí kò fi sí ẹni tí ó ṣẹ́ kù nílẹ̀ àfi ọ̀kan ní ìsàlẹ̀ pátápátá tí ń kà á, “Oókan, eéjì, oókan, eéjì.” Ọdẹ náà ti sá gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Kò wẹ̀yìn dúpẹ́. N kò dá a lẹ́bi.

Mo gun òkè náà. Mo rí òkúta kí n tó rí ènìyàn. Àdàbà ti yé ẹyin sórí Àgbà, koríko ti hù lára rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin arúgbó kan dúró, irun rẹ̀ funfun, irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà, ikán ti fi erùpẹ̀ mọ ilé yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká dé orúnkún. Ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì tọ́. Mo ní kí n bi bàbá náà léèrè àbúrò mi.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ káàbọ̀.”

Àbúrò mi ti dàgbà jù mí lọ. Ohùn rẹ̀ ni kò yí padà.

Ó ní, “Ṣé ẹ pa á?”

Mo ní mo pa á.

“Ó tóbi?”

“Ó tóbi.”

“Ó dáa,” ni ó wí.

Mo bú sẹ́kún, mo na ọwọ́ láti sọ ẹrù náà, ó ní kí n dúró ná. Ó wá rọra ṣàlàyé fún mi, bí ìgbà tí ó jẹ́ pé èmi ni àbúrò. Ó ní òkúta náà wúwo, ó wúwo, ó wúwo, títí di ọjọ́ kan tí kò wúwo mọ́, ọjọ́ náà ni òun sì mọ̀ pé òun kò gbé e mọ́, òun ni ó gbé òun dúró. Gbogbo egungun òun ti kọ́ ọ̀nà kan ṣoṣo. Bí mo bá sọ̀ ọ́, òun náà yóò lọ sílẹ̀, kò sì ní sí dídìde. Mo ní bí bẹ́ẹ̀ bá ni, n kò sọ̀ ọ́. N kò ní purọ́ fún yín, ẹ̀yin ọmọ mi. Mo rò ó pé kí n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Mo ní n óò máa gbé oúnjẹ wá fún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, n óò máa wẹ̀ ẹ́, n óò kọ́ àtíbàbà lé e lórí. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo rẹ̀ tán.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, bí ẹ bá kú ńkọ́? Ta ni yóò wá bá mi sọ̀ ọ́?”

Mo jókòó lórí àpáta. Àdàbà wọlé sórí ẹyin rẹ̀, ó jáde, ó tún wọlé.

Ó ní, “Ó ti rẹ̀ mí.”

Mo dìde. Mo gbé ìtẹ́ àdàbà, mo rọra fi sí orí igi kékeré kan. Mo gbé ẹsẹ̀ mi kọjú sí tirẹ̀ bí a ti ń ṣe ní òwúrọ̀ gbogbo fún oṣù mẹ́ta, mo fi ọwọ́ mi méjèèjì gbá Àgbà mú, ìka tí ó kú náà nà jáde láàárín àwọn tó kù. Mo ní, “Ó yá.” Òun náà ní, “Ó yá.” Mo sọ̀ ọ́. Àjàó yí ọrùn sí ọ̀tún, ó yí i sí òsì, ó mí kanlẹ̀, ó sì gbé orí lé mi léjìká bí ọmọ tí oorun ń kùn. Gbogbo ara rẹ̀ ni ó fi lé mi. N kò mọ ìgbà náà gan-an tí ó lọ.

N kò ní agbéruni níbẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo fi èjìká bọ abẹ́ rẹ̀, mo dá gbé e rù. Mo ti gbé ẹfọ̀n, mo ti gbé Àgbà, n kò tí ì gbé ohun tí ó wúwo tó bẹ́ẹ̀ rí. Nígbà tí mo dé ọ̀gbun, Awọnniwò na apá gígùn rẹ̀ sí wa, ó tún fà á padà, ó ní kí n máa kọjá. Ìrìn tí mo rò pé ọjọ́ kan ni, ọjọ́ mẹ́sàn-án ni nílùú. Ọjọ́ ìjà gan-an ni mo jáde láti inú igbó, agbo ti pé, àwọn ará Òkè ń kọrin pé Ọdẹ́níran ti sá. Orin náà kú lẹ́nu wọn bí mo ti ń bọ̀. Wọ́n yà fún mi. Ẹnì kan bi mí pé bàbá ta ni mo gbé yìí. Mo ní Àjàó ni. Wọ́n wo ojú rẹ̀, wọ́n sì mọ̀ ọ́n.

Ó ti rẹ̀ mí dé egungun. Mo dúró láàárín agbo, mo ń wá ẹni tí yóò bá mi sọ̀ ọ́. Olórí àwọn oníjàkadì, bàbá arúgbó kan tí ojú rẹ̀ ti fọ́, bi mí pé ta ni ó gbé e rù mí. Mo ní èmi fúnra mi ni. Gbogbo wọn wolẹ̀. Òfin ni, ọwọ́ ẹlòmíràn kò gbọ́dọ̀ kàn án. N kò bínú sí wọn, èmi náà ti pa òfin yẹn mọ́ rí nígbà tí kò ná mi ní nǹkan kan.

Láoyè ni ó jáde. Ó ti fi epo para, ó ti di ṣòkòtò ìjà, gbogbo ará Òkè ń wojú rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n bá yín sọ̀ ọ́.”

Bàbá arúgbó náà ní, “Láoyè, o mọ̀ pé bí o bá kàn án, o kò ní jà mọ́.”

Láoyè ní, “Mo gbọ́, Bàbá.”

Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á lọ́wọ́ mi, ọwọ́ alágbẹ̀dẹ, ọwọ́ tí ó ń gbé ọmọ owú bí ẹni ń gbé ṣíbí. Mo rí iṣan ọrùn rẹ̀ tí ó dìde. Ó gbìyànjú láti dúró. Ó gbé ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn, ó gbé èkejì, lẹ́yìn náà orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kan ilẹ̀, èkejì tẹ̀ lé e, eruku sì sọ. Ó rọra tẹ́ Àjàó sílẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò dìde. Ó wo bàbá arúgbó náà tí kò ríran, ó sì sọ fún un, kò pariwo, pé, “Ó dá mi.”

Òun ni ó gbẹ́ ilẹ̀ tí a sin ín sí. Kò wọ agbo mọ́ títí ó fi darúgbó tí ó sì kú, nígbàkígbà tí àwọn ọmọ bá sì bi í pé ta ni ó dá a rí láyé rẹ̀, orúkọ Ọdẹ́níran nìkan ni ó ń dá. Mo wà níbẹ̀, mo rí i. Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ mi, ilẹ̀ ti ń tutù.